'Àyàfi' lọ̀rọ̀ tó ń pa ọmọ tálákà: òfin ogun tó bí orin 'Fortunate Son'

Bí ẹ bá ti wo fíìmù kan rí tí hẹlikópítà ń fò lórí igbó Vietnam, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ orin yìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n lò ó nínú fíìmù Forrest Gump lọ́dún 1994. Wọ́n ń lò ó nínú géèmù ogun táwọn ọmọkùnrin máa ń ta di òru. 'Fortunate Son' ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ olórin Creedence Clearwater Revival láti California ló gbé e jáde lọ́dún 1969. Gìtá rẹ̀ gbóná, ìlù rẹ̀ ń sáré, ohùn ẹni tó ń kọ ọ́ sì le bíi tẹni tó ń bá ìgbákejì rẹ̀ jà. Tó bá jẹ́ ìró rẹ̀ nìkan lẹ gbọ́, tẹ́ ẹ ò fọkàn sí ọ̀rọ̀, ẹ lè rò pé wọ́n fi ń ki àwọn ológun ni.

Wọn ò fi kì wọ́n o. Orin nípa òfin ni. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jó sí ìwé òfin, àwa tá a kà á ní yunifásítì pàápàá kò jó sí i. Síbẹ̀, ìbínú tó wà nínú orin yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọ̀rọ̀ náà ni 'àyàfi'.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òfin ọ̀hún. Látọdún 1948 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin tó sọ pé kí ọmọkùnrin tó bá ti pé ọdún 18 lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ kan tó ń jẹ́ Selective Service. Nígbà tí ìjọba bá nílò ọmọ ogun, àjọ yìí ló máa fi lẹ́tà ránṣẹ́. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe ìwé ìpè síbi ìgbéyàwó. Ẹni tó bá kọ̀ láti dáhùn lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5. Àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò, tí iye wọn tó nǹkan bí 4,000 káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ló ń jókòó lórí orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn á sì fún un ní àmì. Tí àmì tìrẹ bá jẹ́ 1-A, o ti di ẹni ogun nìyẹn. Tó bá jẹ́ 4-F, wọ́n ní ara rẹ kò gbà á. Tó bá jẹ́ 2-S, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀ kó o máa kàwé rẹ lọ.

2-S yìí ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá kà á lórí ìwé, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Kò síbi tí òfin ti sọ pé kí ọmọ olówó má lọ. Kò síbi tó ti sọ pé ọmọ dúdú ni kẹ́ ẹ mú. Ohun tó sọ ò ju pé kí gbogbo ọkùnrin ṣetán láti lọ, àyàfi ẹni tó wà ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà yẹn? Ọmọ ẹni tó rówó san ni, tàbí ọmọ tí ilé ò retí pé kó mówó wálé. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin láti ran màmá ẹ̀ lọ́wọ́ kò ní 2-S. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ tó wá ń lọ kíláàsì méjì péré lálẹ́ pàápàá kò ní i, torí akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún nìkan ni òfin náà mọ̀.

Ilẹ̀kùn kejì ni ti dókítà. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ní dókítà ìdílé, tí dókítà yẹn ti mọ̀ ọ́n látìgbà tó wà lọ́mọ jòjòló, kò ní í ṣòro fún un láti rí ìwé tó sọ pé ẹ̀yìn ń dùn ún tàbí pé èémí ẹ̀ kì í já gaara. Ọmọ tálákà tó jẹ́ pé iwájú dókítà ológun ni wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ ara ẹ̀ wò dáadáa, ibo ló ti fẹ́ rí irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀kùn kẹta ni ti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń dúró sílé, ìyẹn National Guard àti Reserve. Ààrẹ Lyndon Johnson kò fẹ́ kó wọn lọ sójú ogun, díẹ̀ nínú wọn ló sì débẹ̀. Báwọn èèyàn ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìlà àwọn tó fẹ́ wọlé gùn lọ bí ìlà epo. Níbi tí ìlà bá sì ti gùn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó mọ ọ̀gá ló máa ń dé iwájú.

Ẹ má rò pé ìjọba kò mọ̀. Lọ́dún 1965, àjọ Selective Service fúnra ẹ̀ kọ ìwé kan tó pè ní 'Channeling', níbi tó ti ṣàlàyé láìfi bò pé òun ń fi ìbẹ̀rù lẹ́tà ìpè darí àwọn ọ̀dọ́ sínú ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí ìjọba rò pé ó wúlò. Lọ́dún 1967, ìgbìmọ̀ tí Johnson gbé kalẹ̀ láti yẹ òfin náà wò rí i pé nínú gbogbo àwọn tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò, àwọn aláwọ̀ dúdú kò ju 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú, nígbà tí ogun sì kọ́kọ́ gbóná ní 1965 àti 1966, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà márùn-ún tó kú lójú ìjà ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìgbìmọ̀ yẹn fi ìbéèrè ṣe àkọlé ìròyìn tó kọ: ta ló yẹ kó lọ, nígbà tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa lọ? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn táwọn aṣòfin fún un lọ́dún yẹn kan náà ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè àkọ́kọ́ ṣì máa dúró sílé. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ àwọn tó ń ṣòfin wà ní yunifásítì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sídìí orin. John Fogerty ló kọ ọ́. Lọ́dún 1966 ni lẹ́tà ìpè bá òun náà nílé, ó sì rọ́nà wọ Army Reserve, ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi fún un níwèé pé ó ti ṣetán lọ́dún 1968. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Julie, ọmọ Richard Nixon tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò ààrẹ, fẹ́ David Eisenhower, ọmọ ọmọ ààrẹ àná. Fogerty ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ìgbéyàwó yẹn, pẹ̀lú ìròyìn nípa ọmọ sẹ́nétọ̀ yìí àti ọmọ aṣòfin yẹn, ló ń ká òun lára. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ ìyeyè táwọn lọ́yà máa ń lò, ó sì ní kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ tí gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà fi jáde.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ irú orin bẹ́ẹ̀, ṣebí òun náà wọ Reserve, ṣebí òun náà ò débẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ wúwo gan-an nìyẹn. Ẹni tó ti gba ẹnu ilẹ̀kùn kan kọjá mọ bí ilẹ̀kùn náà ṣe fẹ̀ tó, ó sì mọ àwọn tí kò lè gbà á. Kò sì sí ọ̀rọ̀ èébú kan nínú orin náà tó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ogun tó wà nínú ẹrọ̀fọ̀ Vietnam. Ìyẹn ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ja ogun náà fi gbà á ní orin tiwọn.

Ká sọ òdodo, David Eisenhower padà wọ Reserve ológun ojú omi lọ́dún 1970, ó sì lo ọdún mẹ́ta. Charles Robb, ọkọ ọmọ Ààrẹ Johnson, ja ogun ní Vietnam. Al Gore, ọmọ sẹ́nétọ̀, fúnra ẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ó sì débẹ̀. John McCain ni ti òun le jù: bàbá ẹ̀ jẹ́ ọ̀gá pátápátá nínú ológun ojú omi, bàbá bàbá ẹ̀ náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n já ọkọ̀ òfuurufú ẹ̀ bọ́ ní Hanoi lọ́dún 1967. Nígbà tí àwọn tó mú un mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, wọ́n ní kó máa lọ, ó kọ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tú àwọn tí wọ́n ti mú ṣáájú òun sílẹ̀. Ó lé ní ọdún márùn-ún tó lò lẹ́wọ̀n wọn. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ọmọ ńlá ló sá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ní ohun tí wọ́n lè kọ̀. Nígbà tí ọmọ ńlá bá lọ sógun, wọ́n á kan sáárá sí i pé ó láyà. Nígbà tí ọmọ tálákà bá lọ, wọ́n á ní ó pa òfin mọ́.

Àwọn tó gba ẹnu ilẹ̀kùn náà kọjá, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọn ò sí. Dick Cheney gba ìyọ̀ǹda márùn-ún láti dúró sílé. Joe Biden gba márùn-ún nítorí ìwé, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ikọ́ fée kò ní jẹ́ kó lọ. Donald Trump gba mẹ́rin nítorí ìwé, ó tún gba ẹ̀karùn-ún lọ́dún 1968 nítorí egungun tó yọ ní gìgísẹ̀ ẹ̀. George W. Bush wọ Air National Guard ti Texas lọ́dún 1968, nígbà tí bàbá ẹ̀ jẹ́ aṣòfin nílùú Washington. Gbogbo wọn ló lo ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún wọn, èmi ò sì pe ẹnì kankan lọ́daràn. Ohun tí mo ń sọ le ju ìyẹn lọ: ẹnì kankan ò ní láti rú òfin kí ìrẹ́jẹ tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá fi ti Muhammad Ali wé e. Lọ́dún 1964, wọ́n fún un ní ìdánwò ìwé, kò yege, wọ́n ní kò yẹ fún iṣẹ́ ológun. Lọ́dún 1966, ogun ti ń jẹ èèyàn, wọ́n rẹ òdiwọ̀n sílẹ̀, Ali kan náà, ọpọlọ kan náà, sì di 1-A. Lọ́dún yẹn ni akọ̀wé ètò ààbò, Robert McNamara, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Project 100,000, tó fi gba àwọn ọmọkùnrin tí wọn ò bá gbà tẹ́lẹ̀ nítorí máàkì ìdánwò wọn. Ó lé ní 350,000 èèyàn tó bá ọ̀nà yẹn wọlé. Ṣé ẹ rí bí 'àyàfi' ṣe ń ṣiṣẹ́? Ti ọmọ yunifásítì dúró gbọn-in. Ti ẹni tí kò mọ̀wé ni wọ́n kọ́kọ́ fà ya.

Ali sọ pé ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn òun kò jẹ́ kóun jagun. Ìyẹn náà wà nínú òfin. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ fún un. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1967, ó kọ̀ láti gbẹ́sẹ̀ síwájú nílùú Houston. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 5 fún un pẹ̀lú owó ìtanràn 10,000 dọ́là, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ ẹ̀, ó sì lé ní ọdún mẹ́ta tí kò fi wọ inú ríìngì. Ọdún 1971 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a láre, adájọ́ mẹ́jọ sí òdo. Ìdí tí wọ́n fi dá a láre yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n: ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹ̀ kò sọ ìdí kankan tó fi kọ̀ fún un. Wọ́n kàn ní rárá. Ẹ ronú nípa ọmọ tí kò lórúkọ, tí kò lówó lọ́yà, táwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò kàn sọ fún ní 'rárá'. Ta ló gbé ẹjọ́ tiẹ̀ dé Washington?

Ohun kan tún wà tó máa ń ká mi lára jù nínú ìtàn yìí. Títí di ọdún 1971, ẹni ọdún 21 ló lè dìbò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 19 lè kú nítorí òfin, kò sì lè dìbò yan ẹni tó ṣe òfin náà. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 27 ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn bọ́ sí àsìkò yẹn, ó lé ní mílíọ̀nù 1.8 tí wọ́n fi lẹ́tà pè wọṣẹ́ ológun láàárín 1964 sí 1973. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ sí Vietnam ló fúnra wọn forúkọ sílẹ̀, àwọn kan sì máa ń fi èyí jiyàn pé kò sẹ́ni tí wọ́n fi tipá mú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ forúkọ sílẹ̀ nítorí wọ́n mọ̀ pé lẹ́tà ń bọ̀, ẹni tó bá sì tètè lọ lè yan iṣẹ́ tó fẹ́. Ẹni tó rí ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ tó fò sínú gọ́tà, ṣé ẹ máa sọ pé gọ́tà ló wù ú? Ó lé ní 58,000 ọmọ Amẹ́ríkà tó kú. Àwọn ará Vietnam tó kú ju mílíọ̀nù kan lọ dáadáa, wọn ò sì rẹ́ni fún wọn ní 2-S.

Orin náà ṣì ń gbóná lórí rédíò nígbà tí ìjọba gbìyànjú àtúnṣe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1969, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí tẹlifíṣọ̀n: wọ́n fi ọjọ́ 366 sínú ike kéékèèké, wọ́n ń fà wọ́n jáde níkọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ló kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Kèké kì í mọ ọmọ olówó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 2-S ṣì wà lẹ́yìn kèké. Ọdún 1971 ni wọ́n tó ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, nígbà tí ogun ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 1973 ni wọ́n dáwọ́ lẹ́tà ìpè dúró pátápátá.

Àní nínú ìdáríjì pàápàá, 'àyàfi' ò kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1977, Ààrẹ Jimmy Carter dárí ji àwọn tó sá fún lẹ́tà ìpè, irú àwọn tó sá lọ sí Kánádà. Kò dárí ji àwọn tó ti wọṣẹ́ ológun tán kí wọ́n tó sá. Ta ló sábà máa ń mọ ọ̀nà Kánádà kí lẹ́tà tó dé? Ẹni tó kàwé ni. Ta ló máa ń débẹ̀ tán kó tó rí i pé òun ò lè ṣe é? Ẹ dá ara yín lóhùn.

Àwọn tó ń lo orin yìí lónìí ti gé e kúrú. Ilé iṣẹ́ Wrangler fi í polówó ṣòkòtò jíǹsì nígbà kan. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó dárúkọ àsíá ni wọ́n mú, wọ́n gé ibi tí ìbínú ti bẹ̀rẹ̀ kúrò. Fogerty kò dùn sí i rárá. Lọ́dún 2020, wọ́n ń lu orin náà níbi ìpàdé ìpolongo Donald Trump, Fogerty sì kọ̀wé pé kí wọ́n jáwọ́. Mo gbọ́ táwọn kan ń sọ pé orin ni, ẹ jẹ́ kí kálukú gbádùn ẹ̀ bó ṣe wù ú. Mo gbà, ẹ jó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e mọ́ yín lọ́wọ́, torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò tíì tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Houston tàbí Maryland, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Lọ́dún 1980 ni Amẹ́ríkà dá ìforúkọsílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun padà. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n òfin ní kí orúkọ ọkùnrin tó ń gbébẹ̀, láti ọdún 18 sí 25, wà nínú ìwé àjọ kan náà, tó fi mọ́ ọmọ Nàìjíríà tó ní káàdì ìgbélùú. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì dáa kò sí lára wọn. Ọkùnrin tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún un títí ó fi pé 26, ó lè di wàhálà sí i lọ́rùn lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbàwé ọmọ onílẹ̀ tàbí tó ń wáṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í parọ tó bá gbọ́n. Ẹ bi lọ́yà tó mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ má bi ọ̀rẹ́ inú WhatsApp.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ rèé. Kò sí òfin tí kò nílò 'àyàfi'. Aláìsàn ò yẹ kó lọ sógun. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ kọ̀ ọ́ ò yẹ kí wọ́n fi tipá fún un níbọn. Ṣùgbọ́n ẹ ní ìbéèrè kan tẹ́ ẹ lè fi dán 'àyàfi' kọ̀ọ̀kan wò: ṣé ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí kò ní kọ́bọ̀ lápò, tí òótọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì bá tọmọ ńlá mu, lè gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kọjá? Tí kò bá lè gbà á, èmi ò ní pe ìyẹn ní àánú, iye owó ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn. Fogerty rí i ní ogún ìṣẹ́jú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gba àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ná àwọn ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ní ẹ̀mí wọn.